Ṣé dandan ni kí ọlọ́pàá fún wa láṣẹ kí a tó wọ́de?

Tẹ́lọ̀_Táńkẹ̀ kọ:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò jẹ́ kí n sùn, mo sì mọ̀ pé àwọn tó mọ òfin ń bẹ níbí.

Tíráńsífọ́mà àdúgbò wa jó nígbà òjò tó kọjá. Wọ́n ní ká dáwó, a dá a. Wọ́n ní owó ò tó, a fi kún un. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, inú òkùnkùn la wà, bíìlì sì ń wọlé lóṣooṣù bí ẹni pé iná ń tàn. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe, jẹnẹrétọ̀ ni mo fi ń ṣe é, owó epo ti jẹ èrè tán ó ti ń jẹ ojú owó. Nípàdé àdúgbò, àwọn ọ̀dọ́ ní ká wọ́de lọ sí ọ́fíìsì àwọn oníná, ká gbé páálí dání, ká má fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà ní ó dáa, ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ sọ fún ọlọ́pàá. A kọ lẹ́tà. Èmi àti akọ̀wé àdúgbò la gbé e lọ sí tésàn.

Ọkùnrin tó wà nídìí káńtà ò ṣí lẹ́tà náà. Ó ka àkọlé tó wà lórí ẹ̀, ó fi ìka kan ṣoṣo tì í padà síwájú wa, ó ní, "Pámítì yín dà? Ẹ lọ gba pámítì kí ẹ tó gbé lẹ́tà wá." Mo ní ọ̀gá, níbo la ti ń gba pámítì? Ó ní, "Níbí náà ni."

Ṣé lóòótọ́ ni pé tí ọlọ́pàá ò bá fọwọ́ sí i, ẹ̀ṣẹ̀ la dá? Tí wọ́n bá sì kó wa ńkọ́? Mo láya, mo bímọ o.

Ìjàkadì_Lorò kọ:
Pámítì kẹ̀? Ẹ̀yin ará Ìlọrin, ẹ ti jẹ́ kí wọ́n fi yín ṣeré jù. Ẹni tó jẹ yín lówó, ọ̀rẹ́ ẹ̀ lẹ wá ń lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀ kí ẹ tó sin gbèsè yín. Ẹ jáde! Ẹ dí títì pa, kí ẹ wò ó bóyá wákàtí kan ò ní pọ̀ jù kí wọ́n tó dá yín lóhùn. Ní Ọ̀ffà, a kì í kọ lẹ́tà sí ẹni tó ń rẹ́ wa jẹ.

Amòfin_Rúkà kọ:
Ẹ̀gbọ́n Tẹ́lọ̀, ẹ fi ọmọ Ọ̀ffà yìí sílẹ̀ ná, a máa dé orí ọ̀rọ̀ títì tó fẹ́ dí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí pámítì yẹn ti wá. Ọdún 1979 ni ìjọba ológun ṣe òfin kan tí wọ́n ń pè ní Public Order Act. Òun ló ní kí ẹni tó bá fẹ́ kó èrò jọ ní gbangba tàbí kó wọ́de gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ gómìnà, ọlọ́pàá ló sì wá ń lo agbára náà fún gómìnà. Òun ni ọkùnrin ìdí káńtà yẹn ní lọ́kàn, kò báà má mọ orúkọ ẹ̀.

Lẹ́yìn ìbò 2003, ẹgbẹ́ ANPP àti àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn ní àwọn fẹ́ fi ẹ̀hónú hàn pé wọ́n ṣe màgòmágó. Wọ́n béèrè pámítì, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ò fún wọn. Wọ́n péjọ ní Kánò lóṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, ọlọ́pàá sì tú wọn ká pẹ̀lú tajútajú. Buhari tó dupò ààrẹ wà níbẹ̀. Okadigbo tó bá a dupò igbákejì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó sì kú lọ́jọ́ díẹ̀ sí i. Wọ́n gbé ọ̀gá ọlọ́pàá lọ sílé ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ dá wọn láre ní 2005. Ọlọ́pàá pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n tún jẹ̀bi níbẹ̀ lóṣù kejìlá ọdún 2007. Adájọ́ Olúfúnmiláyọ̀ Adékẹ́yẹ ló kọ ìdájọ́ tó ṣáájú nínú ẹjọ́ náà. Wọ́n ní pámítì yẹn ta ko ìwé òfin ilẹ̀ wa, pàápàá ẹ̀ka 39 tó fún wa lómìnira láti sọ tẹnu wa, àti ẹ̀ka 40 tó fún wa lómìnira láti péjọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Òfin ọlọ́pàá tuntun wá dé ní 2020. Ẹ lọ wo ẹ̀ka 83, ìsọ̀rí kẹrin. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá ti fi tó ọlọ́pàá létí pé òun fẹ́ ṣe ìpàdé gbangba tàbí ìwọ́de, ọ̀gá ọlọ́pàá àgbègbè yẹn gbọ́dọ̀ kó àwọn ọmọ ẹ̀ jáde láti ṣọ́ àwọn èèyàn náà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin kọ́ lẹ ń tọrọ nǹkan. Ẹ sọ fún un, iṣẹ́ ẹ̀ ló kù tí yóò ṣe.

Sàájẹ́ǹtì_Fẹ̀yìntì kọ:
Rúkà ọmọ mi, o káre. Gbogbo ohun tó o sọ ló rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe ń rí lẹ́yìn káńtà, nítorí ibẹ̀ ni mo ti hu ewú.

Ìdájọ́ Àbújá kì í tètè dé tésàn. Ohun tó ń tètè dé ibẹ̀ ni fóònù láti òkè. DPO, ìyẹn ọ̀gá tésàn, ò bẹ̀rù adájọ́ tó bó ṣe bẹ̀rù ọ̀gá ẹ̀. Bí ẹ bá wọ́de tí nǹkan kan ò bàjẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní kí i. Bí táyà kan bá jó, ọjọ́ kejì ni wọ́n ó gbé e lọ síbi tí ìyàwó ẹ̀ ò ní bá a dé. Nítorí náà, "ẹ lọ gba pámítì" ò ju "ẹ má kó bá mi" lọ. Mi ò sọ pé ó tọ́ o. Mo ń sọ ohun tó ń bẹ nínú ẹni tó wà níwájú yín ni.

Ẹ̀yin pẹ̀lú lọ́wọ́ nínú ẹ̀. Ta ní ń fún ọmọ káńtà ní lẹ́tà? Ọ̀dọ̀ akọ̀wé DPO ni kí ẹ lọ. Kí lẹ́tà náà jẹ́ méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ ọ̀kan, kí wọ́n kọ déètì àti aago sí i, kí ẹ gbé e padà sílé. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí kọmíṣọ́nà ọlọ́pàá. Kí ẹ kọ ọ̀nà tí ẹ máa gbà, aago tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀, aago tí ẹ máa parí, nọ́ńbà fóònù èèyàn méjì tó ń darí. Bí DPO bá ti rí i pé kọmíṣọ́nà ní ẹ̀dà, ẹ ó rí i pé ẹnu ẹ̀ á yí padà.

Ìyá_Ẹlẹ́lùbọ́ kọ:
Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀ka 39, ẹ̀ka 40. Ẹ̀ka wo ló máa san owó èlùbọ́ mi?

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2020. Ọ̀rọ̀ EndSARS làwọn ọmọ náà ń sọ látọjọ́ mélòó kan, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń gbálẹ̀ títì pàápàá, èmi fúnra mi fún wọn lómi mu. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, wọ́n ní wọ́n ti já ilé ẹrù tí wọ́n kó oúnjẹ kòrónà sí ní pápákọ̀ òfuurufú. Kí n tó mọ̀ ọ́n, wọ́n ti dé Kwara Mall ní Fátẹ̀. Mo wà nídìí ọjà mi, mò ń wo èèyàn bí wọ́n ṣe ń sáré kọjá. Ẹlòmíràn gbé páálí Indomie mẹ́ta lérí ara wọn. Ẹnì kan gbé àga onírin tí wọ́n fi ń jókòó nídìí káńtà, òun nìkan ló gbé. Mo rí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Jímọ̀, aṣọ funfun lọ́rùn, àpò ìrẹsì léjìká. Mo mọ̀ ọ́n, ó sì mọ̀ mí, ó gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Nígbà tí ibẹ̀ ò tó wọn mọ́, wọ́n yà sọ́dọ̀ àwa tí a ò ní ilẹ̀kùn irin. Gómìnà kéde kónílé-ó-gbélé. Àwọn ọmọ tó gbálẹ̀ títì ti lọ sílé wọn. Èmi ni mo gbálẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù mi.

Mi ò ní kí ẹ má wọ́de. Mò ń béèrè ni: ta ni yóò dúró tì yín títí èèyàn ìkẹyìn fi máa wọlé?

Akẹ́kọ̀ọ́_Òkè_Ọdò kọ:
Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, àwọn tó wọ́de yàtọ̀ sí àwọn tó kó ẹrù. Oúnjẹ yẹn gan-an, ti àwọn ará ìlú ni. Nígbà tí ebi ń pa èèyàn látoṣù kẹta, kí ló ń ṣe nínú ilé ẹrù lóṣù kẹwàá? Ẹni tó kó oúnjẹ pamọ́ ò jẹ̀bi, ẹni tó jáde láti sọ pé kí ọlọ́pàá má pa òun ló wá jẹ̀bi?

Ìyá_Ẹlẹ́lùbọ́ kọ:
Ọmọ mi, mi ò bá ẹ jà lórí oúnjẹ ìjọba. Èlùbọ́ tèmi kì í ṣe oúnjẹ kòrónà.

Awakọ̀_Òmù kọ:
Ẹ jẹ́ kí èmi dá Ìjàkadì_Lorò lóhùn. Ìlọrin sí Òmù-Àrán ni mò ń ná, nígbà mìíràn mo máa ń dé Ẹ̀gbẹ́. Àwọn tó ń sọ pé "ẹ dí títì," ṣé ẹ ti jókòó sínú ọkọ̀ tí wọ́n dí títì mọ́ rí?

Lọ́jọ́ kan, àwọn ọ̀dọ́ ìlú kan tí mi ò ní dárúkọ kó igi àti táyà sójú ọ̀nà nítorí ọ̀nà tó bàjẹ́. Òótọ́ ni, ọ̀nà náà bàjẹ́, ó ti ba súpọ́ọ̀tù ọkọ̀ mi jẹ́ kọjá ohun tí mo lè kà. Ṣùgbọ́n aboyún kan wà lẹ́yìn mi tó ń rọbí, wọ́n ń gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìlọrin. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá wọn, mo dọ̀bálẹ̀ lórí ọ̀dà. Ọ̀kan ní kí n padà, kí n gba ọ̀nà mìíràn. Ọ̀nà wo? Ẹnì kan nínú wọn, ọmọdékùnrin tí kò lè ju ogún ọdún lọ, ló wá fa igi kan sẹ́yìn pé kí n kọjá. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bú u. Ìdí nìyẹn tí aboyún náà fi bímọ sí ọsibítù, kò bí sínú bọ́ọ̀sì mi.

Ṣé ìyẹn náà kì í ṣe ẹ̀tọ́? Kí n lọ síbi tí mò ń lọ?

Amòfin_Rúkà kọ:
Ẹ̀gbọ́n awakọ̀, ẹ̀ka 41 ni tiyín, òmìnira láti rìn káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Ẹ̀ka 45 sì sọ pé wọ́n lè fi òfin dín ẹ̀ka 39, 40 àti 41 kù nítorí ààbò ìlú, ìlera, tàbí ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn, bí òfin náà bá bọ́gbọ́n mu ní ìlú tó ń ṣe ìjọba tiwa-n-tiwa. Ìyẹn ni mo ṣe ní ká padà wá sórí títì. Kò sí ilé ẹjọ́ tó sọ pé ẹ̀tọ́ láti wọ́de jẹ́ ẹ̀tọ́ láti sé ọ̀nà mọ́ aboyún.

Ìjàkadì_Lorò, gbọ́ èyí nítorí ìwọ ló máa wúlò fún. Kwara wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ń lo Penal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ti Àríwá. Nínú ẹ̀, èèyàn márùn-ún ló máa pé kí wọ́n tó lè pè yín ní ìpéjọ tí kò bófin mu, kí èrò yín sì jẹ́ láti fi agbára tàbí ìdẹ́rùbà ṣe nǹkan. Bí o bá sọdá láti Ọ̀ffà bọ́ sí Ìkìrun, Criminal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ti Gúúsù, ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún, èèyàn mẹ́ta ti tó. Torí náà, bí o bá fẹ́ ya wèrè, má ṣe sọdá.

Ìjàkadì_Lorò kọ:
Ẹ̀rín pa mí o, Lọ́yà. Mi ò ní sọdá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká má fi òfin bo ojú ara wa. Ẹ sọ fún mi, ìwọ́de wo lẹ ti rí ní orílẹ̀-èdè yìí tí wọ́n gbọ́ nítorí pé ó wọ́ọ́rọ́wọ́? Oṣù kìíní ọdún 2012, wọ́n gbé owó epo láti náírà 65 sí 141. Gbogbo ìlú dá iṣẹ́ sílẹ̀, títì dá, ọjà dá, ìjọba wá bọ́ sí 97. Ká ní ẹgbẹ̀rún kan èèyàn dúró létí títì ní Pósí Ọ́fíìsì kí wọ́n gbé páálí dání láàárín aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá, kí wọ́n sì lọ sílé lọ jẹun, ṣé wọ́n á dín kọ́bọ̀ kan kù? Ohun tó ń jẹ́ ìfẹ̀hónúhàn ni pé kó ni ẹni tó wà lórí àga lára. Bí kò bá ni í lára, ó kàn ń wo yín láti fèrèsé ni.

Mo gba ti aboyún. Kí wọ́n máa ṣí ọ̀nà fún aláìsàn, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kí ẹ ní ká má ni ẹnikẹ́ni lára rárá, ẹ kúkú ní ká jókòó sílé.

Sàájẹ́ǹtì_Fẹ̀yìntì kọ:
Ọdún 2012 tó o mẹ́nu bà yẹn, ọ̀dọ́ kan kú nínú ìwọ́de níbí ní Ìlọrin. O ka owó epo, o ò ka òun.

Ìjàkadì_Lorò kọ:
Bàbá, mo gbọ́ yín. Ẹ má bínú.

Ọmọ_Èkìtì_Kwara kọ:
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ láti òkè. Iná lẹ ń jà fún. Ẹ̀mí ni tiwa.

Ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2024, àwọn agbébọn wọ ààfin ọba Kòró, wọ́n pa kábíyèsí. Láti ìgbà náà la ti ń kọ lẹ́tà. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, wọ́n pa àwọn fijilanté ní Òkè-Òde, àwọn tó ń fi ìbọn ìbílẹ̀ ṣọ́ ìlú. Ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún kan náà, wọ́n já wọ ṣọ́ọ̀ṣì CAC ní Èrúkù lásìkò ìsìn. Gbogbo yín lẹ rí fídíò ẹ̀. Wọ́n pa èèyàn, wọ́n kó àwọn yòókù wọgbó. Ọjọ́ 23 oṣù náà làwọn 38 tó padà dé.

Mo fẹ́ kí ẹ rò ó dáadáa: kí ló mú kí gbogbo ayé gbọ́ ti Èrúkù? Ìsìn yẹn wà nínú fídíò ni. Ìlú mélòó ni wọ́n ti sọ dahoro ní apá ọ̀dọ̀ wa tí kò sí kámẹ́rà níbẹ̀? Àgbẹ̀ mélòó ni kò lè dé oko mọ́? Lẹ́tà tí a kọ wà nínú fáìlì, òǹtẹ̀ wà lórí ẹ̀, déètì wà lórí ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Bàbá Sàájẹ́ǹtì ṣe wí. Bí wọ́n bá kó ìyá èèyàn lọ, ẹ má sọ ti ìfitónilétí fún un.

Awakọ̀_Òmù kọ:
Àbúrò, tiyín yàtọ̀. Ọ̀nà yẹn ni mò ń ná, mo mọ ohun tójú mi ń rí bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú tí mi ò tíì dé ìlú. Bí ẹ bá jáde sójú títì lórí irú ọ̀rọ̀ yẹn, ma pa ẹ́ńjìnnì, ma sọ̀kalẹ̀, ma dúró pẹ̀lú yín. Ẹ ṣáà jẹ́ kí á mọ̀ ṣáájú, kí n má kó èrò dání.

Alfa_Pàkátà kọ:
Assalāmu alaykum. Mo fẹ́ sọ ti ẹ̀sìn díẹ̀. Lóṣù keje ọdún 2024, nígbà tí wọ́n ń múra ìwọ́de ebi ti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, ọ̀pọ̀ àlùfáà ní Àríwá wàásù pé kí àwọn èèyàn má jáde. Àwọn kan nínú wa ní Ìlọrin ní èrò bẹ́ẹ̀. Ìdí ni pé bí a bá jáde lòdì sí aṣíwájú, ìjà ló máa ń dà, ẹ̀jẹ̀ a sì tú sílẹ̀. Ẹ wo Líbíà, ẹ wo Síríà. Ìmọ̀ràn ìkọ̀kọ̀ àti àdúà ló dáa jù. Mi ò sọ pé ẹni tó bá jáde ti di kèfèrí o, kí ẹnikẹ́ni má yí ọ̀rọ̀ mi padà.

Sàájẹ́ǹtì_Fẹ̀yìntì kọ:
Alfa, wa alaykum salam. Hàdíísì kan wà tí ẹ̀yin náà mọ̀ jù mí lọ, pé jíhàdì tó lọ́lá jù ni ọ̀rọ̀ òdodo níwájú aláṣẹ tó ń ṣàbòsí. Kò ní kí wọ́n sọ ọ́ lábẹ́ ibùsùn.

Bàbá tó bí mi lọ́mọ wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú Ìlọrin Tálákà Párapọ̀ láàárín 1950 sí 1960. Mùsùlùmí ni wọ́n, ọmọ Ìlọrin ni wọ́n, alápatà, ahunṣọ, àgbẹ̀. Wọ́n bá ẹgbẹ́ Action Group ṣọ̀rẹ́, wọ́n dojú kọ ẹgbẹ́ NPC tó ní agbára gbogbo Àríwá lọ́wọ́, wọ́n sì borí wọn nínú ìbò ìgbìmọ̀ ìlú níbí. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé wọ́n ti kúrò nínú ẹ̀sìn. Ẹ jẹ́ ká rántí pé Ìlọrin ti ń bá aláṣẹ sọ̀rọ̀ tipẹ́tipẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́_Òkè_Ọdò kọ:
Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé wọ́n máa gbá mi létí lórí èyí, ṣùgbọ́n ma bi í. Gbogbo wa ń pariwo ẹ̀tọ́ láti péjọ. Ní 2023, nígbà tí àwọn oníṣẹ̀ṣe fẹ́ ṣe ọdún wọn ní Ìlọrin tí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ wáyé, tí Soyinka fi kọ̀wé sí Emir, ibo la wà? Mùsùlùmí ni mí, ìyá mi ń gbé Ọlọ́jẹ. Ṣùgbọ́n mo rántí pé àwọn tó ń pín fídíò EndSARS káàkiri ní 2020 gan-an ló ń kọ ọ́ pé "kò séyìí nílùú wa."

Alfa_Pàkátà kọ:
Ìwọ ọmọdé yìí, o ti lọ kan ibi tó ń dun èèyàn. Ìlọrin ní ìtàn tiẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń fi fóònù yanjú. Ọ̀rọ̀ kí ìlú má dàrú la sọ nígbà yẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́_Òkè_Ọdò kọ:
Alfa, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n "kí ìlú má dàrú" náà ni ọlọ́pàá ń sọ fún Tẹ́lọ̀_Táńkẹ̀.

Amòfin_Rúkà kọ:
Ẹ̀ka 38 nínú ìwé òfin kan náà fún oníkálukú láyè láti ṣe ẹ̀sìn ẹ̀, ní kọ̀rọ̀ tàbí ní gbangba. Kò yọ ìlú kan sílẹ̀. Mo mọ̀ pé kò ní dùn mọ́ àwọn kan, ilé tèmi náà ti gbóná lórí ẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ ká padà sórí iná Ẹ̀gbọ́n Tẹ́lọ̀ kí ó tó di ohun mìíràn.

Tẹ́lọ̀_Táńkẹ̀ kọ:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí ti àtìmọ́lé. Àwọn ọmọdé tí wọ́n kó lẹ́yìn ìwọ́de oṣù kẹjọ ọdún 2024 ló ń bà mí lẹ́rù. Ṣebí gbogbo wa la rí wọn lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá tí wọ́n kó wọn dé ilé ẹjọ́ ní Àbújá, àwọn kan ń ṣubú lulẹ̀ nítorí ebi. Ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ sí ìjọba ni wọ́n kà sí wọn lọ́rùn, bélì mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lórí kálukú. Ìwọ́de ebi ni wọ́n kúkú ṣe. Bí wọ́n bá ṣe irú ẹ̀ fún mi, máṣíìnì ìránṣọ mi ò tó mílíọ̀nù kan.

Amòfin_Rúkà kọ:
Ìpayà yín tọ́, Ẹ̀gbọ́n. Ààrẹ ní kí wọ́n tú àwọn ọmọ yẹn sílẹ̀, wọ́n sì gbé ẹjọ́ náà kúrò ní ọjọ́ karùn-ún oṣù náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti fojú winá kó tó dìgbà yẹn. Ohun tí wọ́n ṣe fún wọn gan-an ni ìwé òfin ní kí wọ́n má ṣe. Ẹ kọ́ èyí sórí, kí ẹ sì kọ́ àwọn tó ń bá yín jáde.

Ẹ̀ka 35 ló ni ọ̀rọ̀ yìí. Bí wọ́n bá mú yín, ẹ lè dákẹ́ títí ẹ ó fi bá lọ́yà tàbí ẹlòmíràn tí ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀. Láàárín wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìwé sọ ìdí tí wọ́n fi mú yín, ní èdè tí ẹ gbọ́. Bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40 síbi tí wọ́n ti yín mọ́, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti gbé yín dé iwájú adájọ́. Ìlọrin ní ilé ẹjọ́, Ọ̀ffà ní, Òmù-Àrán ní. Torí náà "adájọ́ ò sí nítòsí" kì í ṣe àwáwí ní ọ̀dọ̀ wa. Bí wọn ò bá rí yín, wọn ò gbọ́dọ̀ mú ìyàwó yín dípò yín, òfin ọlọ́pàá ọdún 2020 kọ ìyẹn ní ẹ̀ka 36. Bélì tésàn kì í ṣe títà.

Bàbá Sàájẹ́ǹtì máa rẹ́rìn-ín níbi tí mo ti ní kì í ṣe títà.

Ó ku ohun kan. Ẹ ṣọ́ ohun tí ẹ ń kọ sórí Facebook kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹ̀ka 24 òfin Cybercrimes ti 2015 ni wọ́n fi ń mú àwọn tó bú aláṣẹ. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ni tàbí owó ìtanràn mílíọ̀nù méje. Wọ́n tún un ṣe ní 2024, ó ti wá dín sí irọ́ tí èèyàn mọ̀ pé irọ́ ni tó fẹ́ fi da ìlú rú tàbí fi ẹ̀mí ẹlòmíràn sínú ewu, àti àwòrán ìhòòhò. Síbẹ̀, ẹ má fún wọn ní okùn. "Owó tí a dá nìyí, rìsíìtì ẹ̀ nìyí, iná ò sí" ti tó. Ẹ má pe ẹnikẹ́ni lólè.

Sàájẹ́ǹtì_Fẹ̀yìntì kọ:
Mo rẹ́rìn-ín.

Ẹ yan èèyàn méjì tí kò ní wọ́de rárá. Kí wọ́n dúró sẹ́yìn pẹ̀lú orúkọ gbogbo ẹni tó jáde àti nọ́ńbà fóònù lọ́yà. Bí ẹ bá rí ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí nínú yín tó ń gbé igi tàbí tó ń ju òkúta, ẹ jókòó sílẹ̀ gbogbo yín lẹ́ẹ̀kan náà. Òun nìkan ló máa wà lórí ìdúró, ọlọ́pàá á mọ ẹni tí wọ́n máa mú.

Tẹ́lọ̀_Táńkẹ̀ kọ:
Àbọ̀ rèé o. A tún lẹ́tà kọ bí ẹ ṣe là á sílẹ̀, a kọ ẹ̀ka 83 sí i ní àkọ́kọ́. Ọ̀dọ̀ akọ̀wé DPO la lọ lẹ́ẹ̀kejì yìí. Ó ka ìlà àkọ́kọ́, ó wò wá, ó bèèrè ẹni tó bá wa kọ ọ́. A ní àwa la kọ ọ́. Ó lu òǹtẹ̀. DPO fúnra ẹ̀ pè mí lálẹ́, ó ní kí n má ṣe jẹ́ kí wọ́n dé ibi ìkóríta, òun máa fún wa ní ọkọ̀ kan. Kò sọ pámítì mọ́.

Ọjọ́ Ajé ni. Ẹ̀gbẹ́ kan títì la máa gbà, àwa fúnra wa la máa darí ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìjàkadì_Lorò, bí o bá ń bọ̀, o lè bọ̀, ṣùgbọ́n má gbé táyà dání.

Ìjàkadì_Lorò kọ:
Mò ń bọ̀. Ìlù ńkọ́?

Tẹ́lọ̀_Táńkẹ̀ kọ:
Ìlù ò burú.

Ìyá_Ẹlẹ́lùbọ́ kọ:
Tẹ́lọ̀, aago mélòó lẹ máa gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi?

Tẹ́lọ̀_Táńkẹ̀ kọ:
Aago mẹ́sàn-án àárọ̀, Ìyá. Kò ní kọjá mẹ́sàn-án ààbọ̀.

Ìyá_Ẹlẹ́lùbọ́ kọ:
Ma tì í títí di aago kan. Ẹni tó bá fẹ́ ra èlùbọ́, kó tètè wá ní Sátidé.